Sepsis: Ohun tí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ń sọ fún dókítà, àti ìdí tí ìtọ́jú ò fi gbọdọ̀ dúró de èsì àyẹ̀wò

Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin kan bímọ lọ́jọ́ Àìkú. Ó bí i wẹ́rẹ́, gbogbo ilé ń yọ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ara rẹ̀ ń gbóná, ó sì ń gbọ̀n. Wọ́n ní ibà ni, wọ́n ra oògùn ibà fún un ní kẹ́mísì. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ti ń mí lemọ́lemọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò já gaara mọ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tutù bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú omi jáde. Láti àárọ̀, kò tíì tọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti ń sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn, àwọn kan nínú ẹbí sì ti ń sọ pé ọwọ́ ayé ló wà nínú ẹ̀.

Àìsàn tó ń ṣe irú obìnrin yìí lórúkọ. Sepsis làwọn dókítà ń pè é. Bákan náà ló máa ń rí lára alátọ̀gbẹ tí ọgbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kẹ̀, ẹni tí táífọ́ọ̀dù ti lu ìfun rẹ̀, ọmọdé tí òtútù àyà ń bá jà, tàbí ọmọbìnrin tí wọ́n bá ṣẹ́yún ní kọ̀rọ̀. Ọ̀nà tí kòkòrò gbà wọlé yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ń já sí jọra.

Ìwádìí kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé jáde ní oṣù Kínní ọdún 2020 ṣírò pé ní 2017 nìkan, nǹkan bíi mílíọ̀nù 48.9 èèyàn ló ní sepsis káàkiri ayé, mílíọ̀nù 11 nínú wọn ló sì kú. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan nínú ẹni márùn-ún tó kú lọ́dún náà. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ìdàgbàsókè wọn ò tíì pọ̀, bíi tiwa, ni èyí tó pọ̀ jù ti ṣẹlẹ̀. Ọdún 2017 yìí kan náà ni ìpàdé Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fọwọ́ sí i pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè mú ọ̀rọ̀ sepsis ní ọ̀kúnkúndùn.

Lónìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn àmì inú ẹ̀jẹ̀ tí dókítà fi ń mọ̀ bí àìsàn yìí ṣe le tó, ohun tí àmì kọ̀ọ̀kan lè sọ àti ohun tí kò lè sọ. Ẹ ó rí i pé bí ilé ìwòsàn ò tiẹ̀ ní ẹ̀rọ, ọ̀nà ṣì wà.

Kí ló ń jẹ́ sepsis gan-an?

Tí kòkòrò àìsàn bá wọ ara, ara máa ń dìde bá a jà. Ìjà yẹn ló ń mú kí ara gbóná. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ara ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà míì, ìjà náà máa ń kọjá ààlà. Ẹ fojú inú wo ẹni tó fẹ́ lé olè jáde nínú ilé, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àdá ṣá ilẹ̀kùn, ó ń ṣá fèrèsé, ó ń ṣá àwọn ará ilé. Bí ara ṣe ń ṣe nìyẹn nígbà tí sepsis bá dé. Kídìnrín á dáṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ò ní lè ṣiṣẹ́ dáadáa, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú.

Àwọn onímọ̀ tó ṣàlàyé ìtumọ̀ sepsis ní 2016 sọ pé kí kòkòrò wọ ara nìkan kò tíì sọ ọ́ di sepsis. Ó dìgbà tí ẹ̀yà ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí bí ara ṣe ń jà lódìlódì.

Ìpele tó burú jù níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní septic shock. Nígbà yìí, àwọn òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá á ti dẹ̀, omi inú ẹ̀jẹ̀ á máa jò jáde, ìfúnpá á sì já wálẹ̀. Nǹkan méjì làwọn onímọ̀ ọdún 2016 yẹn ní kí dókítà wò kó tó pè é bẹ́ẹ̀. Èkíní, pé lẹ́yìn tí wọ́n ti fa omi tó pọ̀ tó sára aláìsàn, ó ṣì nílò oògùn kí ìfúnpá àròpín rẹ̀ tó lè dúró ní 65. Èkejì, pé ohun kan tó ń jẹ́ lactate nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju 2 lọ. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó bá dé ìpele yìí, ó ju ogójì lọ tó ń kú sílé ìwòsàn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀kan nínú ohun méjì tí wọ́n fi ń dá septic shock mọ̀ jẹ́ àmì inú ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀.

Lactate: igbe tí ara ń ké

Gbogbo ẹ̀yà ara wa ló nílò ọ́síjìn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri. Tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé ibi tó yẹ kó dé, tàbí tí wàhálà àìsàn bá mú kí ara máa lo ṣúgà lọ́nà tí kò yẹ, lactate á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló máa ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Tí ẹ̀dọ̀ náà bá ti rẹ̀, yóò ga sí i ni.

Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, lactate kì í sábà kọjá 2 mmol/L. Tó bá wà láàárín 2 sí 4, kí dókítà la ojú sílẹ̀ ni. Tó bá ju 4 lọ, ẹ̀mí wà nínú ewu, kódà bí ìfúnpá aláìsàn náà bá ṣì dà bí ẹni pé ó dáa. Ìdí nìyí tí lactate fi wúlò púpọ̀. Ara àwọn ọ̀dọ́ àtàwọn abiyamọ lágbára, wọ́n lè máa ti ìfúnpá wọn sókè fún ìgbà pípẹ́, kí ó tó wá já lẹ́ẹ̀kan náà. Lactate lè sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún dókítà kó tó di pé ìyẹn ṣẹlẹ̀.

Àmì yìí kì í ṣe tuntun. Dókítà ará Jámánì kan, Johann Joseph Scherer, ló kọ́kọ́ rí i nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn nílùú Würzburg ní 1843. Ẹ̀jẹ̀ àwọn abiyamọ tí ibà ìkúnlẹ̀ pa wà lára èyí tó yẹ̀ wò. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 23 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí rẹ̀. Ẹ rí i pé ìtàn obìnrin tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa ti wà tipẹ́.

Lóde òní, ẹ̀rọ kékeré kan wà, bíi èyí tí àwọn alátọ̀gbẹ fi ń wo ṣúgà, tó lè ka lactate láti inú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àmọ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo ò tó. Wọ́n á tún un wò lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Tó bá ń lọ sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìtọ́jú máa wọlé. Tó bá dúró gbọnin tàbí tó ń ga sí i, dókítà ní láti tún inú rò: ṣé oògùn yìí ló bá kòkòrò náà mu? Ṣé ọyún kan wà níbì kan tí a ò tíì fà jáde?

CRP àti procalcitonin: àwọn tó ń sọ nípa ìjà náà

Lactate ń sọ bí ara ṣe ń jìyà tó. Àwọn méjì yìí ní tiwọn ń sọ̀rọ̀ nípa ìjà tó ń lọ nínú ara.

CRP ni àgbà nínú wọn. Ọdún 1930 ni Tillett àti Francis ṣàwárí rẹ̀ nílùú New York, nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní òtútù àyà. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é jáde nígbà tí nǹkan kan nínú ara bá wú tàbí tó bá fara gbọgbẹ́. Kò wọ́n, ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò ló sì lè ṣe é. Àléébù rẹ̀ ni pé ohun gbogbo ló ń gbé e sókè: àkóràn, làkúrègbé, iṣẹ́ abẹ, ìjàǹbá ọkọ̀. Ó tún máa ń lọ́ra. Ó lè tó ọjọ́ méjì kó tó dé góńgó.

Procalcitonin ní tiẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le. Ní 1993, àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Faransé kọ ọ́ sínú The Lancet pé ó máa ń ga gan-an lára àwọn tí bakitéríà bá jà burúkú. Láàárín bíi wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Tí oògùn bá sì ti ká kòkòrò náà, ó máa ń dín kù sí bí ìdajì lójoojúmọ́. Àwọn àìsàn tí fáírọ́ọ̀sì ń fà kì í sábà gbé e sókè tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn dókítà fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹlẹ́rìí ni wọ́n, wọn kì í ṣe adájọ́

Níbi tí ọ̀rọ̀ wa ti dé yìí, ẹnì kan lè bèèrè pé, “Ṣé ká kàn ṣe àyẹ̀wò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ká mọ̀ bóyá sepsis ni àbí òun kọ́?” Ì bá dáa tó bá rọrùn bẹ́ẹ̀.

Gìrì lè gbé lactate sókè. Àìsàn ẹ̀dọ̀ lè gbé e sókè. Metformin tí ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ ń lò lè gbé e sókè, pàápàá tí kídìnrín ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sá eré tete náà, tiẹ̀ á ga. Iṣẹ́ abẹ ńlá, iná tó jó èèyàn àti àìsàn kídìnrín lè gbé procalcitonin sókè láìsí bakitéríà kankan.

Èyí tó kàn wá jù lọ ni ibà màlaríà. Màlaríà tó le koko máa ń gbé procalcitonin sókè, ó sì máa ń gbé lactate sókè pẹ̀lú. Nílẹ̀ wa tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, dókítà ò lè wo nọ́ńbà wọ̀nyí nìkan kó ní bakitéríà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rí màlaríà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tó ń mí lemọ́lemọ́, kó wá ká ọwọ́ gbera. Màlaríà àti àkóràn bakitéríà lè jọ wà lára ẹnì kan ṣoṣo.

Ìdí nìyí tí ìlànà àgbáyé tó jáde ní 2021 fún ìtọ́jú sepsis fi sọ pé kí dókítà má ṣe lo procalcitonin láti pinnu bóyá kí òun bẹ̀rẹ̀ oògùn apakòkòrò. Ojú dókítà, etí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ àti àlàyé tí ẹbí bá ṣe ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ á wá jẹ́rìí sí i.

Wákàtí kan pere

Tí dókítà bá fura pé septic shock ni, ìlànà náà ní kí oògùn apakòkòrò wọ ara aláìsàn láàárín wákàtí kan. Kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ tí ilé àyẹ̀wò máa fi wá irú kòkòrò tó wà níbẹ̀ ṣáájú, tí ìyẹn ò bá ní fa ìdádúró. Àmọ́ èsì rẹ̀ máa ń gbà tó ọjọ́ kan sí mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó lè dúró de ìyẹn.

Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2006, tí wọ́n fi wo àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn 2,731, fi hàn pé lẹ́yìn tí ìfúnpá bá ti já, wákàtí kọ̀ọ̀kan tí oògùn bá fi pẹ́ máa ń gé bíi ìdá 7.6 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú ìrètí àtiyè, pàápàá láàárín wákàtí mẹ́fà àkọ́kọ́. Ẹ wá ronú sí wákàtí tí à ń lò níbi gbígba káàdì, wíwá owó, àti sísáré láti ilé ìwòsàn kan sí òmíràn.

Wọ́n á tún fa omi sí aláìsàn lára. Tí ìfúnpá ò bá gbéra, wọ́n á fi oògùn noradrenaline kún un. Omi yìí náà fẹ́ ọgbọ́n. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọdé tó lé ní 3,000 ní Uganda, Kenya àti Tanzania, tó jáde ní 2011, fi hàn pé àwọn ọmọ tí wọ́n yára da omi púpọ̀ sí lára kú ju àwọn tí wọ́n rọra fún lọ. Nítorí náà, tí nọ́ọ̀sì bá ní kí omi yẹn máa kán díẹ̀díẹ̀, ẹ má ṣe bá a jà pé ó ń ṣahun.

Ohun mìíràn tún wà. Tí ọyún bá wà nínú ikùn, tí ibi ọmọ bá kù sínú, tí ẹsẹ̀ bá ti kú, oògùn nìkan ò lè ṣe é. Ó di dandan kí wọ́n yọ ohun tó ń bàjẹ́ náà kúrò. Àwọn àgbà ní bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Lactate tó kọ̀ tí kò wálẹ̀ ló sábà máa ń rán dókítà létí pé iná ṣì wà láṣọ.

Ibi tí procalcitonin ti wúlò jù: ìgbà tó yẹ ká dá oògùn dúró

Tí procalcitonin ò bá lè sọ ìgbà tó yẹ ká bẹ̀rẹ̀ oògùn, kí ló wá wà fún? Ó máa ń ran dókítà lọ́wọ́ láti mọ ìgbà tí oògùn tó.

Ní orílẹ̀-èdè Netherlands, wọ́n lo ọgbọ́n yìí nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2016. Tí procalcitonin bá ti já wálẹ̀ ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún láti ibi tó ga dé, tàbí tó bá ti dé 0.5, wọ́n á gba dókítà níyànjú pé kó dá oògùn apakòkòrò dúró. Àwọn tí wọ́n tọ́jú báyìí lo oògùn fún ọjọ́ márùn-ún, àwọn yòókù lò ó fún ọjọ́ méje. Àwọn tó lo oògùn díẹ̀ yìí kò kú ju àwọn yòókù lọ. Kódà, àwọn tó kú nínú wọn kéré sí i.

Ní oṣù Kejìlá 2024, ìwádìí mìíràn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ṣe fún aláìsàn 2,760 ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe 41, rí i pé procalcitonin dín ọjọ́ tí wọ́n fi ń lo oògùn kù ní bí ọjọ́ kan, láìsí pé ó pa aláìsàn lára. Wọ́n gbìyànjú CRP bákan náà, kò dín ọjọ́ oògùn kù.

Ọjọ́ kan tàbí méjì lè dà bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ra abẹ́rẹ́ apakòkòrò olówó ńlá fún aláìsàn rí mọ iye tó jẹ́. Yàtọ̀ sí owó, ìlòkulò oògùn wọ̀nyí ló ń jẹ́ kí kòkòrò mọ̀ wọ́n lójú, tí wọn kì í fi í ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, èyí ò sọ pé kí ẹ dá oògùn yín dúró fúnra yín nílé o. Dókítà tó ń wo aláìsàn lójú méjèèjì lórí ibùsùn là ń bá wí.

Tí ilé ìwòsàn ò bá ní ẹ̀rọ ńkọ́?

Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn wa ló lè ṣe àyẹ̀wò procalcitonin. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ní ẹ̀rọ lactate. Inú wa dùn láti sọ fún yín pé ìka ọwọ́ lásán lè ṣe iṣẹ́ tó jọjú.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé: wọ́n á fi nǹkan tẹ orí ìka aláìsàn mọ́lẹ̀ dáadáa fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, títí ibẹ̀ á fi funfun. Wọ́n á wá tú u sílẹ̀, wọ́n á máa kà. Tí àwọ̀ rẹ̀ bá padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ ń dé ìka. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ ò kárí.

Àwọn dókítà ní orílẹ̀-èdè márùn-ún ní Gúúsù Amẹ́ríkà dán èyí wò lára aláìsàn septic shock 424. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì: wọ́n fi lactate darí ìtọ́jú àwọn kan, wọ́n fi ìka títẹ̀ darí ti àwọn yòókù. Nígbà tí èsì jáde ní 2019, ìdá 43.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti kú láàárín ọjọ́ 28 lára àwọn tí wọ́n lo lactate fún. Lára àwọn tí wọ́n lo ìka fún, ìdá 34.9 ni. Àlàfo yìí ò tó láti fi búra pé ìka dára jù lactate lọ, ṣùgbọ́n ó tó láti fi hàn pé kì í ṣe ìtọ́jú òtòṣì. Ìlànà àgbáyé ti 2021 náà ti fi í kún un.

Ohun tí ẹ̀yin ará ilé lè ṣe

Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ rí aláìsàn kí dókítà tó rí i. Tí ẹnikẹ́ni bá ní ibà, ọgbẹ́, ikọ́, inú rírun, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tàbí ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ máa ṣọ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí:

- Ó ń mí lemọ́lemọ́ láìjẹ́ pé ó ṣiṣẹ́ kankan.
- Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò bára mu mọ́, tàbí ó ń sùn tí kò ṣeé jí.
- Kò tọ̀ látàárọ̀ dalẹ́.
- Ara rẹ̀ ń gbóná gan-an, tàbí ó tutù ju bó ṣe yẹ lọ. Ara tútù náà léwu, pàápàá fún ọmọ ìkókó àti arúgbó.
- Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, àwọ̀ rẹ̀ sì yí padà. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ètè, èrìgì, àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ àti abẹ́ ìpéǹpéjú ni kí ẹ wò.
- Òun fúnra rẹ̀ ń sọ pé irú èyí ò ṣe òun rí, ó dà bí ẹni pé òun ń kú lọ.

Tí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́, ẹ má sì ní ká kọ́kọ́ fún un lágbo wò. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, oògùn àti àgbo tó ti lò, ìgbà tó tọ̀ kẹ́yìn, kí ẹ wá bèèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe sepsis?” Ìbéèrè yẹn kì í ṣe àrífín. Ó lè jẹ́ òun ló máa mú kí nọ́ọ̀sì tètè ka ìfúnpá, kó tẹ ìka aláìsàn wò, kí oògùn sì tètè wọlé.

Ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdọọdún ni Àyájọ́ Sepsis Lágbàáyé, ṣùgbọ́n àìsàn yìí kì í dúró de àyájọ́. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Tó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Lactate, CRP àti procalcitonin lè sọ fún dókítà bí ìrókò náà ti ga tó, wọ́n sì lè sọ fún un bóyá àáké ń wọlé. Àwa tó wà nílé la máa gbé aláìsàn dé ibẹ̀ nígbà tí ẹ̀ka ṣì ṣeé ṣẹ́.